Wáyà Tó Já Nínú Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Ọ̀gá Mi

Kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: òjòwú ni mí. Ìyàwó mi mọ̀, àwọn ọmọ mi mọ̀, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlaròó níbí mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran wà láyà mi, ikùn pàápàá ti yọ níwájú mi, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jó mi lábẹ́ rẹ̀. N kì í jowú lórí obìnrin, n kì í sì í jowú ẹni tó kọ́lé. Iṣẹ́ ni mo ń jowú lé lórí. Bí oníbàárà mi bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tó bá tún kí mi lọ́jọ́ kejì, n ó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n n ò ní bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀.

Iná ọkọ̀ ni mo ń ṣe. Rẹ́wáyà ni gbogbo ayé ń pè wá. Bí iná iwájú bá kọ̀ tí kò tàn, bí fèrè bá ń dá dún, bí gíláàsì kò bá gòkè mọ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Ní agbègbè wa yìí, tí ọkọ̀ àlòkù ti ń gba ẹnubodè wọlé láti ìgbà tí a ti gbọ́njú, iṣẹ́ kì í wọ́n wa. Ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ òyìnbó, tó tún wá lo ogún ọdún lọ́wọ́ tiwa, wáyà inú rẹ̀ á ti gbẹ, á máa já nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí ṣì wà láyé, kí Ọlọ́run bá mi dá a sí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ilé rẹ̀ kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ọ̀dọ̀ mi. Ó ní ọkọ̀ àtijọ́ kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ wà wá láti Kútọnu nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù tí mo ti fọ̀, tí mo ti tì lójú ọ̀nà Jọ́gà, tí mo ti tú palẹ̀, tí mo tún tò padà. Bí nǹkan kan bá ṣe ọkọ̀ yẹn, èmi ni ó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè bá mi jiyàn lé e.

Lọ́jọ́bọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin tó ń lu páànù ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi yọ orí sí mi láàárọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí àbúrò yín ará Ayétòrò nílé Bàbá lánàá. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ Bàbá gbayawu, ó ń yẹ inú ẹ̀ wò. Àbí ẹ ò gbọ́ ni?"

Mo ní mo gbọ́. Irọ́ ni, n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń so wáyà fèrè ọkọ̀ kan lọ́wọ́ nígbà tó sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ padà wá, tó tẹ bíréèkì, fèrè ló dún.

Àbúrò tí wọ́n ń wí yìí, a kì í ṣe ọmọ ìyá. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá la ti jọ kọ́ṣẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn mi ló dé, òun nìkan sì ni obìnrin tó kọ́ṣẹ́ náà dópin lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dé lẹ́yìn mi, ọjọ́ kan náà ni Ọ̀gá tú wa sílẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí èmi ò tíì gbàgbé rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ti wá ní ṣọ́ọ̀bù ńlá sí Ayétòrò báyìí. Ó ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárìn, tí yóò máa to orúkọ gbogbo ohun tó ń ṣe ọkọ̀ jáde lójú gíláàsì. Èmi ò ní irú rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ọ̀lẹ ló ń bi ẹ̀rọ léèrè ohun tí etí àti ọwọ́ lè sọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i lọ́wọ́ rẹ̀, n ò lè jẹun dáadáa nílé.

Kí ni mo rò pé Ọ̀gá rí lára rẹ̀? Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi nìyẹn láti ìgbà èwe mi. Ọ̀gá kì í lù ú. Bó bá fa wáyà lágbára jù, Ọ̀gá á kàn pariwo "Dúsúmáà!", nítorí Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ẹnubodè ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́, èdè Faransé kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó bá fẹ́ kí èèyàn rọra. Bí èmi bá fa wáyà lágbára, ọ̀já fáànù ọkọ̀ ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn mi mọ ọ̀já yẹn ju bí bàbá mi ti mọ̀ mí lọ.

Ìṣó kan sì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà. Òfin méjì ni Ọ̀gá kò fi ṣeré rárá. Èkíní, a kì í so wáyà síbi tí ilẹ̀kùn ti ń tẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i tí wọ́n sì tì í ni oríko, ibi tí a so náà, á máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Wáyà tó bá já níbẹ̀, odindi tuntun ni kí o fi rọ́pò rẹ̀ láti inú ọkọ̀ dé inú ilẹ̀kùn. Èkejì, àwọ̀ kan náà la ń so mọ́ àwọ̀ kan náà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á. Bí o bá rú ọ̀kan nínú méjèèjì, Ọ̀gá á gé ibi tí o so náà kúrò, á gbé e kọ́ sórí ìṣó. Kò ní dárúkọ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ì báà ṣe oníbàárà, ì báà ṣe ẹni tó wá tọrọ omi, lè nàka sí i kó ní, "Ta ló ni èyí?" Ìwọ tó o ni ín gbọ́dọ̀ dìde níbi tó o bá wà, kó o fẹnu ara rẹ sọ pé, "Èmi ni." Tèmi wà lórí ìṣó yẹn láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ títí wọ́n fi ká àgbàdo. Olùkọ́ mi láti iléèwé wá síbẹ̀, ó bèèrè, mo dáhùn. Ọmọbìnrin tí mo ń fẹ́ nígbà náà wá síbẹ̀, òun náà bèèrè. Tàbúrò mi kò débẹ̀ rí, kò débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Gbogbo èyí ló padà wá bá mi lọ́jọ́bọ̀ náà. Èmi ni mo wà nítòsí. Èmi ni mo ń lọ kí Ọ̀gá lọ́jọ́ ọdún, tí mo ń bá Màmá, ìyàwó rẹ̀, pààrọ̀ gílóòbù ilé. Kí ni wọ́n wá ń ti Ayétòrò pe ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà fún? Mo rò ó títí, gbogbo ohun tí mo rí kò ju pé ọjọ́ ayé Ọ̀gá ti kù díẹ̀, ó sì fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn jù wà nítòsí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ọkùnrin yẹn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó kú pé èmi ni mo mọṣẹ́ jù nínú àwọn tí òun kọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo dúró títí mo fi mọ̀ pé Ọ̀gá ti lọ kírun Jímọ̀, mo wá gba ilé rẹ̀ lọ. Màmá jókòó síwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọkọ̀ búlúù wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Mo kí Màmá, mo bi í ohun tó ń ṣe ọkọ̀.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ yìí fẹ́ fi wá ṣẹ̀sín ni," ló wí. "Bí bàbá rẹ bá ṣílẹ̀kùn tirẹ̀, bó bá ti ń gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀ báyìí, gbàgà! gbogbo ilẹ̀kùn yòókù á ti ara wọn. Lọ́sẹ̀ tó lọ, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí níwájú ọjà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó pa tirẹ̀ dé, òun náà tì, ti ẹ̀yìn kì í sì í ṣí láti inú, kọ́kọ́rọ́ wà nínú ọkọ̀. Oòrùn ń pa mí, àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò mí bí ìran."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò pè mí, Màmá?"

Ó tẹjú mọ́ ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá rẹ ní kí a má yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ."

"Iṣẹ́ ò pọ̀ lọ́rùn àbúrò mi?"

"Ìyẹn, bàbá rẹ ni kó o bi. Ọmọ náà ní òun ń wá wáyà kan, lọ́la ló ń bọ̀ wá parí rẹ̀."

Mo ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, kí n kàn yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fẹ́ kọ̀, kò sì mọ bí yóò ṣe kọ̀ fún mi. Ó fún mi.

Nínú irú ọkọ̀ yìí, ilẹ̀kùn awakọ̀ ni olórí. Ohun tó bá ṣe ni àwọn mẹ́ta yòókù ń ṣe. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbé àṣẹ pé kí wọ́n tì, òmíràn ló ń gbé àṣẹ pé kí wọ́n ṣí. Àṣẹ náà kò sì le láti pa: bí wáyà títì bá ti fara kan irin ara ọkọ̀ pẹ́nrẹ́n, ó parí, gbogbo wọn á tì. Mo kọ́kọ́ wo fíúsì, ó wà pé. Mo fetí sí rílée, àpótí kékeré tó ń gba àṣẹ náà, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń dún kà, kà, ara rẹ̀ le. Mo tú wáyà ilẹ̀kùn mẹ́ta yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, àìsàn náà kò kúrò. Nígbà tí mo yọ ti ilẹ̀kùn awakọ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó ti wá hàn báyìí pé inú ilẹ̀kùn yẹn, tàbí ọ̀nà tí wáyà gbà wọ inú rẹ̀, ni ìjọ̀ngbọ̀n wà.

Mo fi ẹnu kan gílóòbù ìdánwò mi kọ́ orí bátìrì, mo fi ẹnu kejì gún wáyà títì tó lọ sínú ilẹ̀kùn, mo wá ń ṣí ilẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀. Kò tàn. Mo ṣí i sí i, kò tàn. Nígbà tó dé ìdajì, gílóòbù tàn yàà. Mo tún sún un díẹ̀, ó kú. Ẹ̀rọ ará Ayétòrò kò lè sọ ìyẹn fún un láéláé, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi, mo sì rẹ́rìn-ín.

Láàárín ara ọkọ̀ àti ilẹ̀kùn, rọ́bà dúdú kan wà tí gbogbo wáyà ilẹ̀kùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo fa ẹnu rẹ̀ yọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ mú kí n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ti so wáyà, níbi tí ilẹ̀kùn ti ń tẹ̀ gan-an. Wáyà títì tó jẹ́ àwọ̀ ewé ti já, wọ́n wá fi èékù wáyà búráùn kan bọ àárín rẹ̀, wọ́n lọ́ ọ pọ̀ ṣégeṣège, wọ́n sì yí téèpù mọ́ ọn láìkan ibi tó yẹ kó bò. Bàbà rẹ̀ yọ síta, ó ń ha irin ọkọ̀ nígbà gbogbo tí ilẹ̀kùn bá dé ìdajì. Òfin méjèèjì ni ẹni náà rú pa pọ̀. Ọmọ ọlọ́sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́ kò lè so irú rẹ̀.

N ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Àyànfẹ́ Ọ̀gá nìyí! Ẹni tí kò débi ìṣó rí, ohun tó wá so sínú ọkọ̀ Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́rú nìyí, tó wá ní òun ń lọ wá wáyà!

Eruku wà lórí téèpù náà. Ó ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti dà pọ̀ mọ́ gírísì. Téèpù tí wọ́n yí lọ́jọ́rú kò lè dọ̀tí báyẹn lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tí mo ti mọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ni. Mo rí eruku náà. Mo tilẹ̀ fi àtàǹpàkò nù ún. Ṣùgbọ́n owú ló ni ojú mi lọ́jọ́ yẹn, ohun tó bá sì fẹ́ rí nìkan ló ń rí.

Ìdajì wákàtí ni ǹ bá fi tún un ṣe. N ò tún un ṣe. Mo ti rọ́bà náà padà, mo yọ fíúsì títì kí ọkọ̀ má bàa tún ti ẹnikẹ́ni mọ́lé, mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún Màmá.

"Ṣé o ti rí ohun tó ń ṣe é?"

"Mo ti rí i. N ó padà wá lọ́la nígbà tí àbúrò mi bá dé."

Màmá wò mí títí. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi," ló wí, "jẹ́ kó dá parí ohun tó bẹ̀rẹ̀." Ìyẹn tún wá dá kún iná tó ń jó nínú mi.

Lọ́jọ́ Sátidé mo tètè dé. Ọ̀gá jókòó sórí àga lábẹ́ igi, rédíò rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Dípò kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti máa ń ṣe, ó kàn ní, "Ìwọ náà wá?" Ó na ọwọ́ sí rédíò, ó pa á. Kò pẹ́, àbúrò mi gun ọ̀kadà rẹ̀ wọlé, ó gbé wáyà aláwọ̀ ewé kọ́ èjìká, gígùn rẹ̀ á tó ìwọ̀n apá mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá, ó kí Màmá, nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ lọ jókòó ti Bàbá, kí ẹ máa bá wọn tàkúrọ̀sọ. Kí ẹ tó mumi tán, mo ti parí ẹ̀."

"O fẹ́ parí ẹ̀ kí n tó rí i, àbí?"

Ó wojú mi, ó mọ̀ pé mo ti rí i. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "ẹ fi í sílẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀."

Bí èèyàn bá ń bẹ ẹni tí kò jowú báyẹn, á tú ọ̀rọ̀ náà wò. Èmi, ṣe ni mo rò pé ẹ̀rí ọkàn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo yọ púláyà mi, mo fa rọ́bà náà, mo gé oríko náà kúrò lápá méjèèjì. Kò gùn ju ìka lọ. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi, mo rìn lọ bá Ọ̀gá lábẹ́ igi. Màmá ti jáde sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo sọ ọ́ bí a ti ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù láyé ọjọ́un, mo tilẹ̀ fà á gùn:

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n." Kò jẹ́ kí ìbéèrè náà balẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi. "Èmi ni. Ojú ń kán mi lọ́jọ́ náà. Ẹ má bínú. Bàbá, ẹ má bínú."

Fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí èémí kan, n ò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá na ọwọ́.

"Gbé e wá."

Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Kò wò ó. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ẹnu kan dé ẹnu kejì, bí ẹni ń wá ẹ̀gún nínú ẹja. "Àwọ̀ wo ló so mọ́ àwọ̀ wo?" ló bi mí.

"Ewé àti búráùn, Ọ̀gá."

"Ewé àti búráùn." Ó tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. "Mo rò pé ewé àti ewé ni."

Ọ̀gá di ọwọ́ àga mú, ó gbìyànjú, ó dìde dúró ṣánṣán, nítorí ìdúró la fi ń dáhùn ìbéèrè yẹn, òun ló sì fi òfin náà lélẹ̀. "Dìde, ọmọ mi," ló sọ fún àbúrò mi, "má purọ́ nítorí mi." Ó wá kọjú sí mi. "Èmi ni."

Ó ní wáyà náà já ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní òun rò pé ọwọ́ òun kò lè kọ wáyà kan ṣoṣo, òun tí òun ti so ọ̀kẹ́ àìmọye. Ohun tó wà lọ́nà jíjìn, òun ṣì ń rí i kedere, ṣùgbọ́n ohun tó bá súnmọ́ òun, ó ń ṣú ni, àwọ̀ kò sì yàtọ̀ síra mọ́ lójú òun. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara rẹ̀, òun ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun fi ránṣẹ́ sí Ayétòrò.

Ó yẹ kí n dákẹ́. N ò mọ bí a ti ń dákẹ́. "Kí ló dé tí kì í ṣe èmi, Ọ̀gá? Kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ kí èmi rí i?"

"Nítorí ìwọ ni mo nà jù lórí ẹ̀," ló wí. "Ìwọ náà lọwọ́ rẹ wá mọ́ jù nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́. N ò fẹ́ kí ojú rẹ kan ibẹ̀."

Ohun tí mo ti ń dúró dè láti bí ọgbọ̀n ọdún nìyẹn. Ó dé etí mi, n ò rí ibi kankan tí mo lè gbé e sí. Mo wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ewé gbígbẹ, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí." Ó ní kò sí nǹkan kan, ó ní kí n dìde kí ewé má bàa ba aṣọ mi jẹ́. Ó gbé rédíò rẹ̀, ó wọlé.

Èmi àti àbúrò mi la jọ parí iṣẹ́ náà. Ó ń tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń ki wáyà ewé tó rà gba inú rọ́bà lọ, odindi, láìsí oríko, láti inú ọkọ̀ dé inú ilẹ̀kùn. A kò bára wa sọ̀rọ̀ ju "tẹ̀ ẹ́ síwájú" àti "ó ti dé" lọ. Mo dá fíúsì padà. Mo tẹ ilẹ̀kùn awakọ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tì lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá nìkan ló pàtẹ́wọ́, pẹ́ẹ́kẹ́, lẹ́ẹ̀kan.

Ẹyin lọ̀rọ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mo ti padà lọ sílé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà. Wọ́n ń fún mi lóúnjẹ, Ọ̀gá ń bi mí nípa àwọn ọmọ mi, kò sì sí ẹni tó dárúkọ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi ò bínú sí mi. Ó ń pè mí lórí fóònù, ó ń kí ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n owú kì í tán nínú ẹni tí wọ́n bí i mọ́. N ò jowú ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, n ò jowú ọjọ́ ìtúsílẹ̀ wa mọ́. Irọ́ tó pa ni mo ń jowú báyìí. Bó ti yá lẹ́nu rẹ̀! Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́yìn mi, ó gbé ẹ̀gàn tí kò jẹ́ tirẹ̀ wọ̀ bí ẹni wọ ẹ̀wù. Mo ti bi ara mi lọ́pọ̀ ìgbà bóyá èmi náà lè pa irú rẹ̀, ká ní èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Mo mọ ìdáhùn. Ọ̀gá náà mọ̀ ọ́n, kó tó yan ẹni tí yóò pè.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo gun ọ̀kadà gba ọ̀nà Pólì kọjá. Ibì kan wà níbẹ̀ tí ọ̀nà ti bàjẹ́, gbogbo ọ̀kadà á rọra. Mo rí ọkọ̀ búlúù náà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ́wáyà kan tí n ò mọ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìlú. Iná kan lẹ́yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ó kó ọwọ́ lé itan. Owú mi ti gbéra kí n tó mọ̀. Mo ti fẹ́ ní kí ọlọ́kadà dúró. Mo wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ, ó ń sọ ọ́ sókè bí a ti ń bá arúgbó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní rílée. Òun ló ń gba àṣẹ, tó ń wá gbé iná lọ. Ṣé ó yé yín?"

Ọ̀gá tó kọ́ ìdajì àwọn rẹ́wáyà Ìlaròó mi orí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" ló wí. "N ò mọ̀ rárá o, ọmọ mi. Ẹ ṣeun."

Ọlọ́kadà bi mí bóyá mo fẹ́ sọ̀ níbẹ̀. Mo ní kó máa lọ, mo sì yí ojú mi sí òdìkejì ọ̀nà kí Ọ̀gá má bàa mọ̀ pé mo rí òun.